Ìwé ní 7.6, táńkì mi ní 10.5: ṣé ọkọ̀ yìí ni àbí ẹsẹ̀ mi?

Bàbá Àríkẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ra ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan fún ẹbí mi, kò tóbi jù, kò sì kéré. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí. Àlòkù ni. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.5, sílíńdà mẹ́rin, jíà rẹ̀ ń yí fúnra rẹ̀. Àwa márùn-ún la máa ń wọ̀ ọ́: èmi, ìyá àwọn ọmọ, àti ọmọ mẹ́ta tí àbíkẹ́yìn wọn ṣì ń jókòó sórí àga ọmọdé.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Ọkọ̀ náà ń rìn geere. Bí a bá bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀, àwọn ọmọ á ti sùn lọ kí n tó rin ogún kìlómítà, èyí tí kò ṣẹlẹ̀ rí nínú ọkọ̀ kékeré tí mo ń wà tẹ́lẹ̀. Sítíárì rẹ̀ fúyẹ́ lọ́wọ́ bí mo bá ń páàkì, ó sì le díẹ̀ bí eré bá ti dé. Mo wà á fún wákàtí mẹ́ta láì sọ̀ kalẹ̀, ẹ̀yìn kò dùn mí. Búùtù rẹ̀ gba ẹrù gbogbo wa. Ohun tí n kò fẹ́ràn kò ju méjì lọ. Òpó tó di gíláàsì iwájú mú nípọn débi pé ó máa ń bo ẹni tó bá fẹ́ sọdá mọ́ mi lójú bí mo bá ń yà. Òrùlé ẹ̀yìn rẹ̀ náà tún lọ sílẹ̀, mo ti fi orí gbá a lẹ́ẹ̀mejì níbi tí mo ti ń de bẹ́líìtì mọ́ ọmọ.

Ọ̀rọ̀ epo ló gbé mi dé ibí. Ìwé ọkọ̀ ní lítà 7.6 ló ń jẹ ní 100 kìlómítà, ìgboro àti ọ̀nà jíjìn pa pọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rin 498 kìlómítà, lítà 52.4 ló sì gbà. Ìyẹn já sí 10.5! Ṣé ara ọkọ̀ yìí ni kò yá ni, àbí bí gbogbo yín ṣe ń rí i nìyí?

Ìyá Ìdòwú:

Ẹ kú oríire o, Bàbá Àríkẹ́. Ẹ̀mí á lò ó.

Kí ẹ tó bínú sí ọkọ̀, báwo lẹ ṣe wọn epo yẹn? Ṣé táńkì kún nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀, ó sì tún kún nígbà tí ẹ parí? Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ò lè gbọ́kàn lé 10.5 yẹn. Bí èmi ṣe ń ṣe é rèé, ó sì ti di ọdún kẹrin tí mo ti ń kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tó wà nínú ọkọ̀. Mo máa ń kún táńkì títí ẹ̀rọ epo á fi já fúnra rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, n kì í jẹ́ kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ mọ́. Mo á dá òǹkà ìrìn àjò padà sí òdo. Bí epo bá ti lọ ju ìdajì, mo á padà sí ilé epo kan náà, ẹ̀rọ kan náà bó bá ṣeé ṣe, wọ́n á tún kún un títí tó fi já. Iye lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì yìí ni ọkọ̀ jẹ. Mo á wá fi iye kìlómítà pín in, mo á sọ ọ́ di ìlọ́po 100.

Ẹ̀ẹ̀kan kò tó o. Bí ilẹ̀ bá dagun díẹ̀ níbi tí ọkọ̀ dúró sí, ẹ̀rọ lè tètè já tàbí kó pẹ́ kó tó já. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ pa á pọ̀ kẹ́ ẹ tó dá ọkọ̀ lẹ́jọ́.

Iye tí dáṣíbọ́ọ̀dù ń gbé jáde ńkọ́? Tèmi máa ń sọ 8.1 nígbà tí ìwé mi bá sọ 8.6. Mo ṣì ń wò ó, torí ó wúlò láti fi ìrìn òní wé ti àná, ṣùgbọ́n n kì í fi ṣe ẹ̀rí.

Awakọ̀ Jẹ́jẹ́:

Òótọ́ ni Ìyá Ìdòwú sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ìwé ọkọ̀ kún un, torí ọ̀pọ̀ ló ń kà á bí ẹni pé ìlérí ni. Inú ilé ni wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò yẹn. Ọkọ̀ á wà lórí rólà, awakọ̀ á máa tẹ̀ lé eré tí wọ́n là sílẹ̀ fún un lójú ẹ̀rọ. Ní Yúróòpù, ìdánwò tí wọ́n ń pè ní NEDC ni wọ́n lò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí tuntun tó ń jẹ́ WLTP tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀ ní September 2017, torí pé iye tí NEDC ń gbé jáde kéré púpọ̀ sí ohun tí awakọ̀ ń rí lójú ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, EPA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àyíká, ti tún tiwọn ṣe láti orí ọkọ̀ ọdún 2008: wọ́n fi eré àsápajúdé, ẹ̀rọ amúlétutù àti òtútù kún ìdánwò náà. Nítorí náà, ẹ wo ibi tí 7.6 yín ti wá. Bó bá jẹ́ NEDC ni, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

“Pa pọ̀” tí wọ́n kọ yẹn náà bo nǹkan mọ́lẹ̀. Ẹ wo Toyota Camry LE ti 2018, èyí tó ní sílíńdà mẹ́rin. EPA fún un ní máílì 28 sí gálọ́ọ̀nù kan nígboro, 39 lọ́nà jíjìn, 32 pa pọ̀. Bí ẹ bá fi iye máílì pín 235, ẹ ó rí i ní lítà: 8.4 nígboro, 6.0 lọ́nà jíjìn, 7.3 pa pọ̀. Honda Accord ọdún yẹn tó ní ẹ́ńjìnnì 1.5 oní-turbo kò jìnnà sí i, 30 nígboro, 38 lọ́nà jíjìn. Ìyẹn ni pé nínú ọkọ̀ tí kò ní àléébù kankan, lítà méjì àti ààbọ̀ lè wà láàárín ọjọ́ kan sí òmíràn. Bàbá Àríkẹ́, mélòó nínú 498 yẹn ló jẹ́ sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ? Ọkọ̀ tó dúró tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lè jẹ lítà kan sí méjì láàárín wákàtí kan, kò sì ní fi ẹsẹ̀ kan kúrò níbi tó wà.

Bàbá Àríkẹ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Táńkì kún lẹ́ẹ̀mejèèjì, ó sì já fúnra rẹ̀. Ìdá méjì nínú mẹ́ta ìrìn náà jẹ́ nígboro, mo ń gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé, mo ń lọ sí ibi iṣẹ́, kò sí èyí tó ju kìlómítà mẹ́fà lọ nínú wọn. Ìyókù jẹ́ lọ́nà márosẹ̀, 120 ni mo máa ń sá. Mo gbàgbé láti sọ pé àpótí ẹrù kan ṣì wà lórí òrùlé láti ìgbà tí a ti re ìrìn àjò. Òfìfo ni o, kò sí nǹkan nínú rẹ̀.

Ọ̀nàjìn:

Ẹ sọ àpótí yẹn kalẹ̀ lónìí, ẹ̀gbọ́n. Bó ṣòfìfo bó kún, afẹ́fẹ́ kò mọ̀yàtọ̀. Lórí eré ọ̀nà márosẹ̀, àpótí ńlá tí iwájú rẹ̀ kò ṣóńṣó lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá títí dé ìdá kan nínú mẹ́rin kún epo tí ọkọ̀ ń jẹ.

Eré 120 náà ńkọ́? Bí eré bá ṣe ń pọ̀ sí i ni afẹ́fẹ́ ń ti ọkọ̀ padà, kì í sì í ṣe ní ìwọ̀n kan náà. Láti 100 bọ́ sí 120, eré fi ìdá kan nínú márùn-ún lé sí i, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí afẹ́fẹ́ fi ń tì yín padà á fi 44 lé lórí 100. Ọkọ̀ yín kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀, torí inú rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Èmi ń wa ọ̀nà jíjìn lọ́sẹ̀ méjì-méjì, 100 ni mo fi ẹsẹ̀ dá a dúró sí, lítà kan àti díẹ̀ ni mo ń rí fi pamọ́ ní 100 kìlómítà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo fi ń pẹ́ dé.

Nígboro, ẹ wo iwájú. Bí ẹ bá ti rí iná pupa lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ohun tí ẹ fi ń tẹ epo, kí ọkọ̀ máa yọ́ lọ nínú jíà. Ẹ́ńjìnnì òde òní kì í fọ́n epo rárá bí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ nígbà tí taya ń yí i. Ìdí nìyẹn tí kò fi dáa kéèyàn ju jíà sí N (ipò tí jíà kankan kò ti wọlé) lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Èrò ọ̀pọ̀ ni pé àwọn ń ṣẹ́ epo kù, ṣùgbọ́n N ló máa jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tún máa jẹ epo kó má bàa kú, agbára tó yẹ kó bá búréèkì ṣiṣẹ́ á sì lọ. Ó léwu.

Ìrìn kúkúrú tún ń jẹ epo ju béèyàn ṣe rò lọ, torí ẹ́ńjìnnì kì í tíì gbóná tán tí ẹ fi ń pa á. Bó bá ṣeé ṣe, ẹ da ìjáde méjì pọ̀ sí ọ̀kan.

Ọ̀gá Sípánà:

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo ti gbọ́ ti ẹsẹ̀ àti ti afẹ́fẹ́, ṣùgbọ́n àlòkù ni ọkọ̀ yìí, a kò mọ ọwọ́ tó ti kọjá. Ẹ jẹ́ ká wo ara rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí taya. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ ó rí bébà kan lára òpó rẹ̀ tó sọ iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ìyẹn ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé. Iye tí wọ́n tẹ̀ sí ara taya fúnra rẹ̀ ni òpin tí taya yẹn lè gbà, kì í ṣe iye tí ọkọ̀ yín fẹ́. Òwúrọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n kí ọkọ̀ tó rìn, nítorí bí taya bá ti gbóná, iye rẹ̀ á ga, á sì tàn yín jẹ.

Ìkejì, lẹ́yìn ìrìn tí ẹ kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ búréèkì, ẹ na ọwọ́ sún mọ́ ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ má fọwọ́ kàn án o. Bí ọ̀kan bá ń jó gbigbona ju ẹnìkejì rẹ̀ lọ, búréèkì ibẹ̀ kò tú sílẹ̀ tán. Ńṣe lẹ̀ ń wa ọkọ̀ tí ẹnìkan ń dì mú lẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ yẹ̀ wò jù ni thermostat. Nǹkan kékeré kan ni, ó wà lójú ọ̀nà tí omi rédíétọ̀ ń gbà. Á sé omi mọ́lẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó, lẹ́yìn náà ló máa ṣí. Àwọn mẹkáníìkì kan máa ń yọ ọ́ sọnù, wọ́n á ní ọkọ̀ kò ní gbóná jù mọ́. Wọn kì í sọ ìyókù. Bí omi kò bá gbóná tó, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á máa rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣáná sí ẹ́ńjìnnì ni, á máa fọ́n epo lé epo. Ọ́ìlì kò ní ṣàn dáadáa, jíà kò ní tètè wọ èyí tó ń dín epo kù. Ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi lọ́dún tó kọjá, lítà 13 ló ń jẹ. Ẹni tó ni ín ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó ti fọ nọ́sùlù, ó ti ra bátìrì tuntun, wọ́n kàn ń náwó rẹ̀ ni. Mo fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò sí i, mo ní ká jọ jáde. Lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú lójú ọ̀nà, ìgbóná omi rẹ̀ kò kọjá 58, nígbà tó yẹ kó ti wà ní 85 sókè. Nígbà tí mo tú u, ihò lásán ni mo bá níbi tó yẹ kí thermostat wà. Tuntun tí a fi sí i kò wọ́n rárá, ọkọ̀ yẹn sì bọ́ sí 9.7. Inú bí mi lọ́jọ́ náà, torí owó tí arákùnrin yẹn ti ná kò kéré, ó sì tó ọdún méjì tó ti ń sun epo dànù.

Ẹ fi ẹ̀rọ àyẹ̀wò wo ìgbóná omi tiyín. Kí ẹ sì wò ó bóyá iná “check engine” máa ń tàn bí ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́ kó tó kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnìkan ti lè pa á kó lè rí ọkọ̀ tà. Sẹ́ńsọ̀ oxygen, èyí tó ń yẹ èéfín ọkọ̀ wò fún kọ̀ǹpútà, tó bá kú lè da epo nù púpọ̀.

Fíltà afẹ́fẹ́ ni gbogbo èèyàn máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ bó bá dọ̀tí, ọkọ̀ á tún lágbára, ṣùgbọ́n nínú ẹ́ńjìnnì tí kọ̀ǹpútà ń darí, epo tó máa dín kù kò tó nǹkan. Epo olówó gọbọi náà rí bẹ́ẹ̀. Bí ìwé ọkọ̀ kò bá ní dandan ni, kò ní ràn yín lọ́wọ́.

Títílayọ̀:

Mo mọ̀ pé ẹ ti ra tiyín, ẹ̀gbọ́n, àmọ́ ẹlòmíì máa ka èyí kó tó rà. Ẹni tí ìdá méjì nínú mẹ́ta ìrìn rẹ̀ bá jẹ́ nígboro, hybrid, ọkọ̀ tó ń fi epo àti iná bátìrì rìn, ló yẹ kó kọ́kọ́ wò. Camry Hybrid LE ti 2018, máílì 51 ni EPA fún un nígboro, 53 lọ́nà jíjìn, nǹkan bíi lítà 4.5 pa pọ̀. Ẹ wò ó bí ìgboro àti ọ̀nà jíjìn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí mo bá tẹ búréèkì, mọ́tò iná á gba agbára yẹn padà sínú bátìrì. Bí gosiló bá dé, ẹ́ńjìnnì á kú, ọkọ̀ á máa fi iná wọ́ lọ. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni mo fẹ́ràn jù lẹ́yìn iṣẹ́, ó máa ń tu ọkàn mi lára.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Camry hybrid ọdún yẹn tí wọ́n ń pè ní SE àti XLE kò rí ju 46 pa pọ̀ lọ, LE sì rí 52. Ríìmù wọn tóbi ju ti LE lọ, wọ́n wúwo jù ú, bátìrì wọn sì yàtọ̀. Bí èèyàn bá ń ra ọkọ̀ torí epo, kó má jẹ́ kí ríìmù ńlá fà á lójú. Taya tó nípọn lórí ríìmù kékeré tún máa ń gba kòtò mọ́ra ju tinrin lọ, ìdí ọmọ tó wà lẹ́yìn ló sì máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Bátìrì hybrid ní fáànù tó ń fẹ́ ẹ, ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́ wà nítòsí ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ má kó báàgì dí i. Ẹ máa gbọn eruku fíltà rẹ̀.

Ọmọ Alágbẹ̀dẹ:

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí ẹnìkan gbẹnu sọ fún V6, ẹ́ńjìnnì sílíńdà mẹ́fà, náà. Mo wa lítà 3.5 fún ọdún márùn-ún. Tí gbogbo ẹbí bá wà nínú rẹ̀, tí búùtù kún, tí òkè sì ga níwájú, kì í mí gúlegúle. Bí mo bá fẹ́ ya tírélà sílẹ̀, mo á ti kọjá kí ọkàn mi tó já. Camry V6 ti 2018 ní agbára ẹṣin 301, ti sílíńdà mẹ́rin ní 203. Owó rẹ̀ ni pé EPA fún un ní 26 pa pọ̀, ìyẹn nǹkan bíi lítà 9. N kò parọ́ fún ara mi nípa rẹ̀, mo sanwó ìgbádùn náà tayọ̀tayọ̀. Accord ti pa V6 tì láti 2018, Camry náà sì ti di hybrid pátápátá láti ọkọ̀ ọdún 2025. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó wá èyí tí wọ́n tọ́jú dáadáa kó tó tán nílẹ̀.

Ìyá Ìdòwú:

Àbúrò, mo gbọ́ yín. Ọkọ̀ oní-CVT, irú jíà tó ń yí fúnra rẹ̀ láìní ìpele, lèmi ń wà. Kò ní jíà tó ń gbọ̀n kúrò ní kíní bọ́ sí kejì, ńṣe ló ń rìn bí ẹni ń yọ́ lórí omi. Ó ń dín epo kù lóòótọ́. Àmọ́ bí mo bá tẹ epo rẹ̀ mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ́ńjìnnì á ké kan náà títí eré á fi bá a. Ó gbà mí tó oṣù kan kó tó mọ́ mi lára. Ẹni tó bá fẹ́ CVT, kó kọ́kọ́ wà á lọ sí òkè kó tó sanwó. Kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ọ́ìlì jíà lásán sí i. Ó ní tirẹ̀.

Bàbá Àríkẹ́:

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti kọjá, mo sì ti kún táńkì lẹ́ẹ̀mẹta bí Ìyá Ìdòwú ṣe ní kí n ṣe.

Mo sọ àpótí kalẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bébà ara òpó ní 35 ni afẹ́fẹ́ taya, mo bá 26 nínú méjì, 28 nínú méjì yòókù. Mo fọn wọ́n. Ìgbóná omi dára, 88 sí 92 ló ń ṣe. Mo ti sọ eré di 100 lọ́nà márosẹ̀, mo sì ti ń wo iwájú nígboro, ìyá àwọn ọmọ ló kọ́kọ́ sọ pé orí òun kì í mì mọ́. Èyí tí mo wọ̀n gbẹ̀yìn: 544 kìlómítà, lítà 47.8. Ó já sí 8.8. Méjì tó ṣáájú jẹ́ 9.1 àti 9.0. Inú mi dùn gan-an.

Ọ̀gá Sípánà, ọ̀rọ̀ ríìmù tí ẹ sọ ṣẹ. Ti ẹ̀yìn lápá ọ̀tún máa ń gbóná ju ti òsì lọ. Ṣé mo lè máa wà á lọ bẹ́ẹ̀ títí di ìparí oṣù?

Ọ̀gá Sípánà:

Rárá o, ẹ má dúró di ìparí oṣù. Ìgbóná yẹn lè ba taya jẹ́, ó sì lè jẹ́ kí búréèkì má mú dáadáa níjọ́ tí ẹ bá nílò rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kì í ṣe gbogbo búréèkì ló bàjẹ́. Píìnì tí caliper, ohun tó ń fún búréèkì mú, fi ń lọ tó ń bọ̀ ló máa ń dípẹtà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á nù ún, wọ́n á fi gíríìsì tó wà fún búréèkì sí i, gíríìsì lásán kọ́. Kí wọ́n wo rọ́bà tó bo písítìnì náà bóyá ó ti ya, kí wọ́n sì wo okùn búréèkì ọwọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ló ń dì mú. Ẹ dúró ti ẹni tó ń ṣe é. Bí wọ́n bá ti parí, ẹ gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ sókè lórí jáàkì, kí ẹ fọwọ́ yí taya náà. Ó gbọ́dọ̀ yí wọ́ọ́rọ́wọ́.

Bàbá Àríkẹ́:

Mo ti gbọ́, ọ̀gá. Lọ́la ni mo ń gbé e lọ, kí n tó lọ gbé àwọn ọmọ. Mo á kọ iye táńkì tó bá tẹ̀ lé e síbí.